Bí Ẹ Ṣe Lè Kúrò Lórí Ẹ̀rọ Amúnimí Bọ́ Sórí Pésà Dáyáfíráàmù Láìpa Iṣan Lára

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, dókítà ti tan pésà, àyà aláìsàn gbéra, afẹ́fẹ́ wọlé, ẹkún ayọ̀ sọ. Lọ́jọ́ kejì, ará ilé yọ ẹ̀rọ amúnimí kúrò fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Kó tó pé wákàtí kejì, òógùn ti bo aláìsàn, iṣan ọrùn rẹ̀ ń fà, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n sáré dá ẹ̀rọ amúnimí padà. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ohun tí gbogbo wọn ń sọ ni pé pésà náà kò ṣiṣẹ́.

Pésà ṣiṣẹ́. Iṣan ni wọn kò tíì kọ́ ní iṣẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyẹn, òun náà sì ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé.

Dáyáfíráàmù ni ẹran iṣan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró bí àwo tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Bó bá súnkì, yóò lọ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò sì ya wọlé. Pésà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná mànàmáná ta iṣan yìí kó lè súnkì nígbà tí ọpọlọ kò lè ránṣẹ́ sí i mọ́. Iná lè ta iṣan o, ṣùgbọ́n kò lè fún un ní agbára tí kò ní. Iṣan tó ti ń sinmi fún oṣù púpọ̀ lórí ẹ̀rọ amúnimí ti rù, ó sì máa ń tètè rẹ̀ ẹ́.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Pésà fúnra rẹ̀, bátìrì tuntun mìíràn, àti àfikún wáyà tàbí áńténà. Wáyà tó já lóru kì í dúró de ọjà.
- Ẹ̀rọ amúnimí tó ń ṣiṣẹ́, tí iná wà nínú bátìrì rẹ̀. Ẹ má ṣe dá a padà, ẹ má sì tà á torí pé pésà ti dé.
- Àpò Ambu tí a ń fọwọ́ tẹ̀ láti fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú aláìsàn, ní ìtòsí orí ibùsùn, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù.
- Ẹ̀rọ ìka tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ní aago ìkìlọ̀.
- Mítà èémí, ìyẹn ohun tí a fi ń wọn iye mílílítà afẹ́fẹ́ tó ń wọlé nínú èémí kan. Èyí ni ọ̀pọ̀ ilé kò ní, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù lọ.
- Ẹ̀rọ tó ń wọn CO2 nínú èémí tó ń jáde, bí ọwọ́ yín bá tó o. Bí kò bá tó o, ẹ bá ilé ìwòsàn ṣètò bí wọn yóò ṣe máa wọ̀n ọ́n.
- Ẹ̀rọ tí ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀, àti rọ́bà ọ̀fun (èyí tí wọ́n fi sí ihò tí wọ́n là sí ọrùn aláìsàn kó lè máa gba ibẹ̀ mí) méjì ní ìpamọ́: ọ̀kan tó bá ti ara aláìsàn mu, ọ̀kan tó kéré sí i díẹ̀.
- Ọ̀já ikùn.
- Ìwé àti kálàmù.

Ẹ tún nílò èèyàn méjì, ó kéré tán, tó mọ bí a ti ń lo àpò Ambu dáadáa. Ẹnì kan ṣoṣo kò tó, torí òun náà yóò sùn.

1. Ẹ rí i dájú pé okùn iṣan náà wà láàyè

Okùn iṣan tó ń darí dáyáfíráàmù, tí wọ́n ń pè ní fírẹ́níìkì, ń jáde láti ọrùn, ní ipele 3, 4 àti 5 ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ lókè ibẹ̀, okùn náà ṣì wà láàyè nísàlẹ̀. Iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pésà wúlò fún. Àmọ́ bó bá jẹ́ ipele 3 sí 5 gan-an ni ìjàm̀bá ti bà jẹ́, orísun okùn náà lè ti kú, bí ẹ sì ta òkú okùn ní iná títí di ọ̀la, kò ní dáhùn.

Nítorí náà, dókítà gbọ́dọ̀ ta okùn fírẹ́níìkì ní iná láti ọrùn, kó wò ó bóyá iṣan dáhùn lábẹ́ ìhà. Kó tún fi ẹ̀rọ aláwòrán tàbí X-ray wò ó bóyá dáyáfíráàmù ń rìn lọ sísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí àbájáde kò bá dára kété lẹ́yìn ìjàm̀bá, ẹ bi í nígbà tí a óò tún un ṣe. Okùn mìíràn máa ń sọjí lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Pésà tún wúlò fún àwọn tí ọpọlọ wọn máa ń gbàgbé láti mí, pàápàá lójú oorun, tí okùn àti iṣan wọn sì péye. Bó bá jẹ́ ọmọ kékeré ni, ọ̀tún àti òsì ni a gbọ́dọ̀ máa ta pọ̀. Egungun àyà rẹ̀ ṣì rọ̀, nítorí náà títa apá kan ṣoṣo kì í mú afẹ́fẹ́ tó wọlé.

*Ìkìlọ̀:* Bó bá jẹ́ àìsàn ALS, ìyẹn èyí tó ń pa okùn iṣan díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pésà tàn yín. Ìwádìí DiPALS tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015, lo aláìsàn 74. Bí a bá mú ẹni àárín nínú àwọn tó lo ẹ̀rọ ìbòjú amúnimí nìkan, ó pẹ́ láyé fún oṣù 22.5. Láàárín àwọn tí wọ́n fi pésà kún un fún, oṣù 11 ni. Wọ́n ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì tètè dá òun náà dúró nítorí ikú tó pọ̀ jù. Ó dùn mí láti kọ ọ́, torí mo mọ bí ẹni tó ń wá èémí ṣe máa ń di ohunkóhun mú. Ṣùgbọ́n òtítọ́ rẹ̀ nìyẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ṣé ó wà lákọsílẹ̀ pé dáyáfíráàmù rìn nígbà tí wọ́n ta á? Bí kò bá sí lákọsílẹ̀, ẹ má tíì buwọ́ lùwé iṣẹ́ abẹ.

2. Ẹ mọ irú pésà tó wà lára aláìsàn

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Avery ń ṣe ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń so irin pẹlẹbẹ mọ́ okùn fírẹ́níìkì ní ọrùn tàbí nínú àyà, wọ́n á sì sin ohun tó ń gba ìsọfúnni sábẹ́ awọ ara. Ìta ni àpótí bátìrì wà. Áńténà rẹ̀ ni ẹ óò lẹ̀ mọ́ awọ ara, ní ọ̀kánkán ohun tí wọ́n sin sínú. Wáyà kankan kò la awọ kọjá.

Ti èkejì ni NeuRx. Wọ́n máa ń gba ihò kéékèèké lára ikùn wọlé, wọ́n á fi wáyà mẹ́rin sínú dáyáfíráàmù fúnra rẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Wáyà karùn-ún wà lábẹ́ awọ láti dá iná padà. Gbogbo wọn jáde láti ara, wọ́n sì wọ inú àpótí kékeré kan.

Ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ ohun tí ẹ óò máa ṣọ́. Ẹni tó ní áńténà gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ kó má yẹ̀ kúrò ní ojú ibi tó wà. Ẹni tí wáyà jáde lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ojú ihò náà kó má gbọgbẹ́, kí ohunkóhun má sì fa wáyà náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìsàlẹ̀ ìhà aláìsàn nígbà tí pésà ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ gbéra pọ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló ń gbéra, ẹ wo wáyà tàbí áńténà apá kejì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

3. Ẹ lóye nọ́ńbà tí dókítà fi sí i, ẹ má sì yí i

Nọ́ńbà mẹ́rin ló ṣe kókó: bí iná náà ṣe lágbára tó, bó ṣe ń ta léraléra tó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí èémí kan ṣe gùn tó, àti iye èémí nínú ìṣẹ́jú kan. Fún àgbàlagbà, iye èémí sábà máa ń wà láàárín 8 sí 14. Gígùn ìmísínú sábà máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá 1 tàbí kó lé díẹ̀.

Èyí tó ń ru àwọn èèyàn lójú ni iye ìgbà tí iná ń ta. Bí ó bá pọ̀, iṣan á fà gan-an, èémí á sì tóbi, ṣùgbọ́n á tètè rẹ iṣan. Bí ó bá kéré, iṣan á lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń dín in kù bí iṣan ṣe ń lágbára sí i. Bí ẹ bá yí i sókè nílé kí èémí lè tóbi lónìí, ẹ ti ná agbára ọ̀la nìyẹn.

*Ìkìlọ̀:* Aláìsàn tí ara rẹ̀ ṣì ń mọ nǹkan lára lè ní ìrora ní èjìká nígbà tí pésà bá ń ta. Kì í ṣe èjìká ló ń ṣe é. Ọrùn kan náà ni okùn èjìká àti ti dáyáfíráàmù ti jáde, ọpọlọ kì í sì í fìgbà gbogbo mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ sọ fún dókítà kó dín agbára iná kù. Ẹ má ṣe máa fi òògùn ìrora bò ó mọ́lẹ̀.

4. Ẹ kọ́ iṣan ní iṣẹ́, díẹ̀díẹ̀

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ máa ń dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bó bá jẹ́ pé okùn ni wọ́n so irin mọ́. Ti wáyà inú dáyáfíráàmù lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Dókítà yín ni yóò pinnu ọjọ́.

Kí ẹ tó yọ ẹ̀rọ amúnimí, ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí àmì. Aláìsàn tí bàlúùnù tó yí rọ́bà ọ̀fun rẹ̀ ká kún kò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì lè má gbé. Ẹ lè fi í ṣe pé kó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì túmọ̀ sí "ẹ dá mi padà". Bó bá ti ṣe é, ẹ dá a padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má sọ pé kó fara dà á díẹ̀ sí i. Ẹ̀rù tí aláìsàn bá kó lọ́jọ́ kan ṣoṣo lè kó ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ dànù.

Bí a ti ń ṣe é nìyí:

a. Ẹ dá aláìsàn dùbúlẹ̀ kó kọjú sókè. Ipò yìí ló rọrùn jù fún dáyáfíráàmù.

b. Ẹ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò.

d. Ẹ tan pésà, ẹ yọ ẹ̀rọ amúnimí. Ẹ fi mítà wọn èémí mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n tí a ń wá ni mílílítà 5 sí 7 fún kílò kọ̀ọ̀kan, kílò tó bá gíga aláìsàn mu, kì í ṣe kílò ọ̀rá ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ kílò 60, à ń wá 300 sí 420.

e. Ẹ jẹ́ kó ṣe ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n, kí ẹ dá ẹ̀rọ amúnimí padà kí iṣan sinmi fún ìyókù wákàtí náà.

ẹ. Lójú mọmọ ni kí ẹ ṣe é, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn bá wà lójúfò. Ẹ má tíì fi kan oorun.

Bí nọ́ńbà ìparí bá ń bá ti ìbẹ̀rẹ̀ dọ́gba fún ọjọ́ mélòó kan tẹ̀léra, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 kún un. Bí nọ́ńbà bá ń wálẹ̀, ẹ má fi kún un. Bó bá já sísàlẹ̀ mílílítà 5 fún kílò kan, ẹ dá a dúró, ẹ sì padà sí iye ìṣẹ́jú tó rọrùn fún un tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ yìí lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè gba oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó pẹ́ lórí ẹ̀rọ amúnimí yóò pẹ́ nínú ẹ̀kọ́. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú 5 máa ń dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú ẹni tó ti lo ọdún kan lábẹ́ ẹ̀rọ. Síbẹ̀, ẹ má sáré.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Wọ́n ń ka ọ́síjìn nìkan. Bí aláìsàn bá wà lórí ọ́síjìn àfikún, nọ́ńbà orí ìka lè jẹ́ 97 nígbà tí èémí rẹ̀ ti kéré jù, tí CO2 ń gun òkè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ óò rò pé àlàáfíà ni, nígbà tí ó ti ń sùn lọ. CO2 tó dára wà láàárín 35 sí 45 lórí òṣùwọ̀n mmHg. Bí ẹ kò bá lè wọ̀n ọ́n, ẹ ṣọ́ orí fífọ́ láàárọ̀, oorun àìnídìí, ojú tó pọ́n, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara.

Àṣìṣe kejì ni wíwọn èémí nígbà tí bàlúùnù tó yí rọ́bà ọ̀fun ká kò kún. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ, mítà á sì ka ohun tó kéré ju òtítọ́ lọ. Ìdílé á rò pé iṣan ń kú lọ. Ẹ fún bàlúùnù ní afẹ́fẹ́ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ tú u lẹ́yìn náà bí dókítà bá gbà bẹ́ẹ̀. Bàlúùnù tó kún kò gbọ́dọ̀ bá fáàfù tí a fi ń sọ̀rọ̀ pàdé láé, nítorí aláìsàn á mí sínú, kò sì ní rí ọ̀nà mí síta.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nígbà tí ìṣẹ́jú yín bá pé, èémí kò dín kù, ọkàn kò sáré, kò sí òógùn, iṣan ọrùn kò fà, aláìsàn kò sì bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀rọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ ọjọ́ náà yege.

5. Jíjókòó

Ẹni tó ti ń ṣe wákàtí mẹ́fà lórí ìdùbúlẹ̀ lè má lè ṣe ìdajì wákàtí lórí àga. Kì í ṣe pé ó ń padà sẹ́yìn. Tí a bá jókòó, ìfun máa ń já sísàlẹ̀, pàápàá lára ẹni tí iṣan ikùn rẹ̀ ti rọ. Dáyáfíráàmù á tẹ́ pẹrẹsẹ kó tó súnkì rárá, kò sì ní níbi tó máa lọ mọ́. Ọ̀já ikùn ló ń tún un ṣe: ó ń ti ìfun sókè, dáyáfíráàmù á sì padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ dì í láti abẹ́ ìhà dé ìbàdí. Bó bá gun orí ìhà, yóò dí èémí lọ́wọ́ dípò kó ràn án lọ́wọ́.

Ẹ ka àga sí ẹ̀kọ́ tuntun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú 10.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ wọn èémí lórí àga láìsí ọ̀já, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú rẹ̀. Nọ́ńbà kejì ló yẹ kó tóbi.

6. Oorun

Ìgbà tí ojúmọ́ bá ti rọrùn pátápátá ni kí ẹ ronú nípa òru. Nínú mímí àbáláyé, kí dáyáfíráàmù tó súnkì, ọpọlọ á ti kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí iṣan ọ̀fun pé kó ṣílẹ̀kùn. Pésà kò mọ ọ̀fun, dáyáfíráàmù nìkan ló ń ta. Lójú oorun, ọ̀fun máa ń rọ̀, dáyáfíráàmù sì ń fa afẹ́fẹ́ lójijì. Fífà náà á pa ọ̀nà ọ̀fun dé. Ẹ óò rí i tí àyà ń gbéra, tí afẹ́fẹ́ kò sì wọlé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń tọ́jú ihò ọ̀fun wọn, tí wọ́n ń ṣí i sílẹ̀ lóru bí wọ́n tilẹ̀ ń dí i lọ́sàn-án láti sọ̀rọ̀. Inú máa ń bí ìdílé tó ti ń retí kí wọ́n dí ihò náà pátápátá. Ẹ fọ̀rọ̀ wérọ̀ pẹ̀lú dókítà, ẹ má dá a ṣe.

Aago ìkìlọ̀ ẹ̀rọ ìka gbọ́dọ̀ wà ní títàn ní gbogbo òru. Pésà mọ̀ pé òun rán iná lọ. Kò mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ wọlé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ní òru àkọ́kọ́, kí ẹnì kan má sùn. Kó máa gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí ẹnu ihò ọ̀fun láti ìgbà dé ìgbà, kó gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́yìn èémí kọ̀ọ̀kan.

7. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀, awọ ara, àti ohun tí pésà kò gbọ́dọ̀ bá pàdé

Pésà ń mú ni mí sínú, kì í mú ni wúkọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á ṣì máa pọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa fà á tàbí kí ẹ lo ẹ̀rọ tó ń ran ikọ́ lọ́wọ́. Bí èémí bá kéré lójijì láàárín ọjọ́ kan, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe pésà.

Ẹ wo ojú ibi tí wáyà ti jáde lójoojúmọ́. Bó bá pọ́n, tó gbóná, tàbí tó ń sun ọyún, ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Fún ti áńténà, ẹ máa yẹ awọ abẹ́ plásítà wò kó má bó.

Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú aláìsàn pé pésà wà lára rẹ̀: kí wọ́n má gbé e wọ ẹ̀rọ MRI láìbéèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ, kí wọ́n má sì lo ẹ̀rọ dayatámì tó ń fi iná mú ara gbóná. Bí ọkàn rẹ̀ bá ní pésà tirẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ dán méjèèjì wò pọ̀ kí ọ̀kan má da èkejì láàmú.

8. Bí pésà bá dákẹ́

Ẹ má ṣe kọ́kọ́ tú ẹ̀rọ wò. Ẹni tó wà níwájú yín ni ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ so àpò Ambu mọ́ rọ́bà ọ̀fun, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí àyà yóò fi gbéra, bí ìgbà 12 láàárín ìṣẹ́jú kan fún àgbàlagbà. Bí kò bá fẹ́ wọlé, ẹ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí kò bá ṣì wọlé, ẹ pààrọ̀ rọ́bà ọ̀fun. Ẹ so ẹ̀rọ amúnimí padà, kí ẹnì kejì pe ìrànlọ́wọ́. Ìgbà tí àyà bá ti ń gbéra déédéé ni kí ẹ tó wo bátìrì, lẹ́yìn rẹ̀ wáyà tàbí áńténà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ẹ pa pésà, kí olùtọ́jú kọ̀ọ̀kan ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kí àpò Ambu tó dé ọ̀fun, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ wo bátìrì, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe.